Létí Odò Wear

"Sunderland kẹ̀?" Fadérera bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù.
"Ìlú tí àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ gan-an ń sá kúrò níbẹ̀,
kí lo fẹ́ lọ jẹ?"
Owó ilé Lọ́ńdọ̀nù ti jẹ mí dé eegun.
Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo dorí kọ àríwá.

Ọjọ́ tí mo dé, ẹ̀gbẹ́ ni òjò ń gbà rọ̀.
Ìsọ̀ kan ṣí, mẹ́ta tì,
ẹyẹ òkun dúró lórí báńkì tó ti kógbá sílé,
ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Bàbá Haswell ni mo ń tọ́jú láàárọ̀.
Ajórin ni, kí ọgbà ọkọ̀ tó kú.
Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìka rẹ̀,
ó ń ka orúkọ ọkọ̀ ojú omi fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka ọmọ tó ti rè òkè òkun tí kò kọ̀wé.
"Láti fèrèsé yìí," ó ní, "kò sí ojú ọ̀run nígbà náà.
Irin ni gbogbo rẹ̀."
Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ojú ọ̀run ló jà wọ́n lólè.

N kò bi í bó ti rí lára. Mo mọ̀ ọ́n.
Bàbá tèmi náà ṣiṣẹ́ irin, ní Òṣogbo.
Fèrè ilé iṣẹ́ dákẹ́ lọ́jọ́ kan, kò tún fọhùn mọ́.
Aago márùn-ún ìdájí ni bàbá mi ṣì ń jí,
á nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí á fi dán, á tún fi ti ògiri.
Ọdún mọ́kànlá ló fi nu kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan.
Nítorí náà, ẹ má fi ìlú tó rẹ̀yìn dẹ́rù bà mí,
inú ọ̀kan ni wọ́n ti gbé mi pọ̀n.

Ẹ ò mọ odò yìí.
Ó ti mọ́. Níbi tí epo dúdú ti ń léfòó,
ajá òkun méjì ń yọrí, wọ́n ń wò wá
bí àna tó wá ṣe ìwádìí.
Orí ihò èédú ni wọ́n kọ́ pápá bọ́ọ̀lù sí;
lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn á hó lẹ́ẹ̀kan,
ife tíì Bàbá Haswell á gbọ̀n nínú àwo.
Maureen oníbúrẹ́dì ń pè mí ní "pẹ́ẹ̀tì".
Mo kọ́kọ́ fajú ro: ẹran ọ̀sìn ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọjọ́ tí yìnyín gbé mi ṣánlẹ̀, òun ló sáré jáde,
ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.
Mo ti ń jẹ́ ẹ báyìí.
Ọmọ mi Àrínọlá tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn,
ó ń gbé ìparí gbólóhùn sókè
bí ẹni ń wá àmì ohùn fún Gẹ̀ẹ́sì.

N ò pa á mọ́: alẹ́ kan wà, nínú oṣù kẹjọ,
iná ń jó láàárín ìlú, wọ́n ní ká máa lọ sílé wa.
Mo pa iná yàrá. Mo fi ọwọ́ bo etí ọmọ mi.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú títì kún fún ìgbálẹ̀,
Maureen ń gbá ìfọ́ dígí, kò gbójú sókè.
Bàbá Haswell kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Ó ti bísíkíìtì tó kù nínú páálí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Fadérera ṣì ń bi mí: "Ìgbà wo lo máa kúrò?"
Mo ní mi ò mọ̀.

Lánàá, Bàbá Haswell ní kí n ti òun
lórí àga oníkẹ̀kẹ́ dé àárín afárá tuntun.
Atẹ́gùn fẹ́ gba fìlà lórí wa.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin,
ó tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.
"Kò burú," ó ní.
Lẹ́yìn náà ó ní òtútù ń mú òun,
ká máa lọ sílé.